Dókítà Tó Wà Nínú Etí Waliyah

Ilé Mojúbàolú, lẹ́bàá ọ̀sà,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Bísíríyù ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Àsàláàmù àlékùm. Kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀, kí ara rẹ le, kí orí má fọ́ ọ, kí omi tó ń gbé ọ lọ sí Èkó láràárọ̀ láti Èbúté Ìkòròdú má ṣe bínú sí ọ lọ́jọ́ kan. Toyyibah ìyàwó wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé báńkì ò jẹ́ kí ó gbádùn. Títí di òní, kò tíì yé mi ìdí tí wọ́n fi máa ń ti òṣìṣẹ́ mọ́ inú ilé pẹ̀lú owó títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ owó ni àbí owó ló ń ṣọ́ wọn. Kí Ọlọ́run Ọba bá wa pa á mọ́, kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àṣìṣe.

Àwa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi tó wú ti fà. Àtíbàbà tí mo ti ń yan ẹja, èyí tí òjò wó, Ìbráhìm káfíńtà ti tún un ṣe, àmọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé gan-an ló gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí, èéfín wá ń lé mi kiri. Rodiat, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ta ẹja, ní kí n kí ọ, ó ní o ti gbàgbé òun, mo ní o ò gbàgbé ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló pọ̀. Àlùfáà Salman náà ń gbàdúrà fún ọ ní gbogbo Jímọ̀.

Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀, òun ló jẹ́ kí n mú bírò. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Ìyá ò fi pè mí lórí fóònù. Mo fẹ́ pè ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan Dókítà, Waliyah ọmọ rẹ kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tí mo bá sì sọ níwájú Waliyah, Dókítà á gbọ́ ọ. Ó ń sun oorun ọ̀sán lọ́wọ́ báyìí. Mo ti yọ nǹkan orí rẹ̀, mo ti fi í sínú àpótí kékeré rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi, mo fi gèlè wé àpótí náà, mo gbé e sínú ìkòkò, mo dé e, mo wá jókòó sẹ́yìn àtíbàbà. Síbẹ̀ náà, mi ò sọ̀rọ̀ sókè, mo ń kọ ọ́ ni.

Jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ yìí lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tó ti pẹ́ kí á tó mọ̀ pé kì í gbọ́ràn, ẹ ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti fi irin tín-ín-rín kan sí abẹ́ awọ orí rẹ̀, pé òmíràn á máa lẹ̀ mọ́ ọn lóde bíi mágnẹ́ẹ̀tì, èyí tó há sẹ́yìn etí rẹ̀ á sì máa gba ohùn wọlé fún un. Mo gbà. Àmọ́ èmi náà tẹ̀lé yín lọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, ojú mi ló sì ṣe tí wọ́n fi wáyà so orí ọmọ mọ́ kọ̀ǹpútà Dókítà. Mo rí ilà tó ń lọ sókè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ohùn. Dókítà wo ilà, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn á máa mójú tó o láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣókùnkùn sí mi. Ẹni tó ní òun á máa mójú tó ọmọ, tó sì ti so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ orí ọmọ, inú etí ọmọ ló wà, ó ń gbọ́ gbogbo wa.

Nígbà tí ilé ìwé wá gba ọlidé, tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín lọ, tí ẹ gbé Waliyah wá fún mi, o kìlọ̀ fún mi dáadáa. O ní láti ìgbà tó bá ti jí ni kí nǹkan náà ti wà lórí rẹ̀ títí tó fi máa sùn. O ní kí omi má kàn án. O ní Òyìnbó nìkan ni kí a máa sọ sí i, kí èdè méjì má baà dàrú mọ́ ọn lórí, torí Òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé ìwé. O wá sọ èyí tó já mi láyà, pé Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò ní Mọ́ńdè tí ẹ bá mú un padà, pé tí kò bá tíì sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó mú un lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tí yóò máa sùn síbẹ̀. Mi ò bá ọ̀rọ̀ ọwọ́ jà. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ sí inú ọkọ̀, kí ẹja má baà sá, ó sì yé gbogbo wọn. Sísùn síbẹ̀ yẹn ni mi ò fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Bísíríyù, o mọ̀ pé mi ò gbọ́ Òyìnbó. Gúdù mọ́níìn àti táńkì yù nìkan ni mo ní, mo sì ti lò wọ́n tán kí ọmọ tó jẹun àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ẹ̀rù wá ń bà mí kí n má lọ sọ Yorùbá sínú ẹ̀rọ olówó ńlá kí ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣì wí, mo bá dákẹ́. Mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Tí Rodiat bá ti yọjú, màá fi ìka lé ètè, òun náà á bọ́ bàtà, á rọra wọlé, à á jókòó, à á máa wo ara wa. Tí ọmọ bá fẹ́ omi, á nàka, èmi náà á nàka. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fọ ẹja lọ́wọ́, ló bá wá bá mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ nǹkan náà kúrò lórí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá dá abọ́ padà nígbà tí oúnjẹ ti tán nínú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sídìí ògiri. Kò sunkún. Kò bínú. Ọmọ mi, mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé dídákẹ́ gan-an ni mo fi ṣì wí.

Mo wá ro ti Dókítà. Èèyàn ńlá tó ti ń fetí sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé, tí a ò kí wọn láàárọ̀, tí a ò kí wọn lálẹ́, ṣé wọn ò ní sọ pé ilé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé ọmọ yìí lọ? Èmi Kúlúsúmù, tí mi ò lè gba iwájú ilé ẹnikẹ́ni kọjá kí n má kí i. Mo bá nu ọwọ́ mi, mo lẹ nǹkan náà padà mọ́ orí ọmọ, mo gbé e jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀. Mo gbójú sókè sí ara ògiri níbi tí a fi fọ́tò kọ́ sí, torí mi ò lè máa wo ojú ọmọ nígbà tó jẹ́ àgbà ni mò ń kí. Mo ní, Ẹ káàárọ̀, Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ má bínú, mi ò gbọ́ Òyìnbó, ṣé ẹ gbà kí n máa sọ Yorùbá? Mo dúró. Dókítà ò fọhùn. Àmọ́ iná kékeré tó wà lára nǹkan náà ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé ló ní. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí Dókítà jókòó lásán. Tí ọmọ bá jí, a ó kí wọn. Tí mo bá fẹ́ yọ nǹkan náà láti wẹ ọmọ, màá tọrọ àyè, màá ní, Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta ná, obìnrin ni, ó fẹ́ wẹ̀. Tí mo bá ń wọ aṣọ fún un, màá ní, Dókítà, apá ọ̀tún rèé, apá òsì rèé, bọ́tìnnì kan ti já, a máa rán an. Tí ó bá ń jẹ ẹ̀bà, màá ní, Dókítà, ó ti bù ú, ó gbóná, ẹ jẹ́ ká fẹ́ ẹ, fùú. Ohunkóhun tí a bá ń ṣe ni mò ń sọ, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé à ń fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Ọmọ náà á máa wo ẹnu mi. Kò yọ ọ́ lórí mọ́ láti ìgbà náà, kódà tí mo bá pẹ́ kí n tó fi í sí i láàárọ̀, òun ló ń gbé àpótí rẹ̀ wá bá mi.

Ní ọjà, ẹja ni mo fi ń ṣe Dókítà lálejò. Òbòkún rèé, ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀. Epìyà rèé. Akàn rèé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Rodiat rí i, ó wá bi mí bóyá Dókítà lè gbọ́ ti òun náà, nítorí orúnkún òun. Mo ní kí ó kí wọn ná. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sọ ìtàn orúnkún náà láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí, ó fi ibi tó ń dùn ún han Waliyah, Waliyah fọwọ́ kàn án, Rodiat sì búra pé ó dín kù. Báyìí ni àwọn obìnrin ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo ní kí wọ́n máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo ò dáa fún etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Hasanat wá sọ ti ojú rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ wá sọ ti ọkọ rẹ̀, mo ní ti ọkọ kò sí lára ohun tí Dókítà ń wò, síbẹ̀ ó sọ ọ́ tán. Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ojú ko ojú ọmọ, wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí Dókítà lè rí i kọ sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bàjẹ́. Àlùfáà Salman wá wò wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àdúrà sí etí náà, mo ní kò burú. Àdúrà náà gùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, iná tó máa ń ní àwọ̀ ewé di àwọ̀ ọsàn, ó ń ṣẹ́jú kíákíá, ó sì kú pátápátá. Mo ní ó parí, a ti mú Dókítà bínú, bóyá Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Èmi obìnrin dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí, Àlùfáà náà bẹ̀bẹ̀, kò sí iná. Ìgbà tó yá ni mo rántí bátìrì tí o fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, Dókítà tún ṣẹ́jú. Àmọ́ mo ti sọ fún Àlùfáà pé kí wọ́n máa ké àdúrà wọn kúrú.

Wàyí o, gbọ́. Ohùn lásán ni Waliyah kọ́kọ́ ń sọ, kà, kà, kà, láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ń fẹ́ ẹ̀bà, fùú, kí èmi tó fẹ́ ẹ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, mo ti fi nǹkan orí rẹ̀ sí i, mo kírun tán, mò ń ká ẹní lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé yìí. Mo yíjú padà. Waliyah ti kúnlẹ̀ sídìí àga gbọọrọ, ó kọjú sí ògiri, ó ní, Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì já geere lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á dáhùn. Mo fẹ́ pariwo, mo rántí pé Dókítà ń gbọ́, mo fi ẹní ìrun bo ẹnu, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti ń sọ omi, ó ń sọ ẹja, ó ń sọ ó gbóná. Lánàá ó ní ó tì, nígbà tí mo ní kó wá sùn, inú mi dùn débi pé mo jẹ́ kó máa ṣeré lọ.

Ìdùnnú náà ò pẹ́ tó fi di ìpayà. Yorùbá ló ń sọ, Bísíríyù, Yorùbá Ẹ̀pẹ́ pàápàá, o sì ti ní Òyìnbó ni. Tí Dókítà bá bi í léèrè ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, tí Yorùbá jáde, ṣé wọ́n á kà á sí ọ̀rọ̀? Àwọn fúnra wọn gbà mí láyè o, àmọ́ iná ni wọ́n fi gbà, kò sí ẹlẹ́rìí. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù wá ń bọ̀. Rodiat ń bá a ṣeré lánàá, ó bi í pé, Waliyah, Dókítà dà? Mo rò pé etí ló máa fọwọ́ kàn. Ó dìde, ó gun orí àga gbọọrọ, ó fi ìka kan fọ́tò rẹ lára ògiri, èyí tí o wọ aṣọ dúdú gbọọrọ pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin, lọ́jọ́ tí o parí yunifásítì. Rodiat rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo wá rò ó. Ibi tí mo máa ń gbójú sí tí mo bá kúnlẹ̀, fọ́tò rẹ ló wà níbẹ̀. Ọmọ ń wo ojú mi, ó sì ń wo ibi tí ojú mi ń lọ. Ó rò pé ìwọ ni à ń kí láràárọ̀. Mo ní, rárá, Waliyah, Bàbá nìyẹn, Bàbá rẹ. Ó wò mí, ó tún fi ìka kàn án, ó ní, Dókítà. Mo bọ́ sẹ́yìn àtíbàbà. Rodiat bi mí kí ló ṣe ojú mi, mo ní èéfín ni.

Mi ò bá ọ wí. Mo mọ̀ pé o ti wà lórí omi kí ọmọ tó jí, mo sì mọ̀ pé ó ti máa ń sùn kí o tó dé. Kí ìyá rẹ̀ náà tó ti báńkì dé, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá a sọ̀rọ̀, Òyìnbó tó dán mọ́rán sì ni, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kì í dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá padà sí ilé tó dákẹ́, á tún yọ nǹkan náà lórí, á gbé e lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹni náà ò sì ní mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra òbòkún tó tóbi, kí n yan án gbẹ fún Dókítà, torí mi ò lè jẹ́ kí o lọ rí wọn lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí ọjà wa kó bá wọn. Fi owó bátìrì kún un. Kí o sì bá mi ra káàdì fún fóònù Dókítà, èyí tó pọ̀, torí láti ọjọ́ yìí wá tí wọ́n ti ń gbọ́ wa láti àárọ̀ dalẹ́, kírẹ́díìtì wọn ló ń jó. Bàtà mi náà ti já, àmọ́ ìyẹn lè dúró. Má fi owó náà gba inú fóònù wá o, torí obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ sanwó fún wa ládùúgbò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo bi í níbi tó lọ, kò mọ̀, wọn ò sì tíì rí i. Adétúnjí, dẹ́rẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí gba Ìtóìkín wá, ni kí o fún.

Kí Ọlọ́run tó ṣí etí tó dí bá wa tú ahọ́n tó dì. Kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe nítorí ọmọ má gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Kí o pẹ́ fún wa, kí ìyàwó rẹ pẹ́, kí ohùn yín má wọ́n nínú ilé yín. Àmín.

Ó ku ohun kan. Ní Sátidé tí o bá dé, bóyá kí o tó bọ́ bàtà pàápàá, Waliyah á kúnlẹ̀ níwájú rẹ, á ní, Ẹ káàárọ̀, Dókítà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Jọ̀ọ́, má tún un ṣe fún un, má wo fóònù, má sì wá Òyìnbó lọ. Láti ọjọ́ yìí wá tí a ti ń kí Dókítà, iná nìkan ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Ìwọ ní ẹnu. Dá a lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlúsúmù.